Ẹni tó fẹ́ ra báàsì olókùn márùn-ún, ọrùn rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Òmù-Èkìtì, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè sùn mọ́. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é, ìgbéyàwó ń pè é, òkú àgbà tí àwọn ọmọ sún sí ìparí ọdún náà wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọdún wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi gìtá háyà ṣeré mọ̀ pé owó náà kì í pẹ́ lọ́wọ́. Bó bá yọ owó ọkọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹni tó ni gìtá á tún na ọwọ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí ríra tara ẹni fi dára. Báàsì olókùn mẹ́rin, irú èyí tí Fender ti ń ṣe láti ọdún 1951, kò kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n olókùn márùn-ún ló rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Yamaha wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fún títà, pẹ̀lú BB5000 ní ọdún 1984. Okùn karùn-ún kì í ṣe ti fáàrí. Lórí olókùn mẹ́rin, E ni ohùn tó wálẹ̀ jù. Bí akọrin bá ní E-flat tàbí D lòun fẹ́, onígìtá ní láti fò sókè, ìdí orin á sì fúyẹ́. Okùn B ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Akọrin tó ń ti orin kan bọ́ sí òmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa.

Okùn yẹn náà ló ń mú ọrùn gìtá fẹ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò. Ọ̀gá ló ń sanwó, ọmọ iṣẹ́ ló ń lò ó. Ọ̀gá á wo ọ̀dà tó ń dán, ọmọ iṣẹ́ ni yóò di ọrùn náà mú láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ọrùn bá tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó lè máà tíì tó aago méjì òru tí ọrùn ọwọ́ á ti máa ro ó, oníbàárà á sì gbọ́ ọ nínú orin. Ẹ mú onígìtá yín dání lọ sọ́jà.

Àwọn ọlọ́jà a máa sọ pé ọrùn "tẹ́ẹ́rẹ́", ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ọrùn fi ń tẹ́ẹ́rẹ́: fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀. Ní òkè ọrùn, Ibanez SR olókùn márùn-ún fẹ̀ tó mìlímítà 45, kò sì nípọn ju nǹkan bíi 19.5 lọ. Yamaha TRBX305 fẹ̀ tó 43. Jazz Bass olókùn márùn-ún ti Fender lé ní 47. Fún ọwọ́ kékeré, tàbí fún gìtá tí ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta ń pín lò, méjì àkọ́kọ́ ló sàn jù. Àléébù tiwọn náà wà o: okùn SR sún mọ́ ara wọn, ẹni tó ń fi àtàǹpàkò gbá okùn á máa ṣèèṣì gbá èkejì.

Ọrọ̀ ojú ọjọ́ tún wà ńbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, pákó á gbẹ, ọrùn á yí padà, okùn á sì máa dún gbirin-gbirin lára irin. Bí òjò bá dé, okùn á tún ga sókè. Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n fi ń tún èyí ṣe. Ẹ ní kí ọlọ́jà yí i díẹ̀ lójú yín. Bí kò bá yí mọ́, ẹ gbé gìtá náà sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí irin má máa gún yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ta okùn B láti òkè dé ìsàlẹ̀: ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáṣá, kó má dún bí ìlù tó rọ̀.

Iye owó? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kí náírà tó já, dọ́là kan wà nítòsí 470 náírà. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Gìtá 400 dọ́là, tó jẹ́ 188,000 náírà tẹ́lẹ̀, di 600,000, láìtíì ka owó ọkọ̀ ojú omi àti èrè ọlọ́jà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa sàn ju tuntun tí wọ́n kàn rí nínú àwòrán lọ, nítorí dídá ọjà padà láti Ìkọ̀lé sí Alábà ní Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí gìtá, kó rántí sípíkà. Ohùn B ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E ń gbọ̀n ní 41. Sípíkà kékeré kò lè gbé e jáde. Okùn márùn-ún tún wọ́n ju mẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn gìtá wọ̀nyí sì ń lo bátìrì fóòtì 9, tó ń jó níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára gìtá, bí wọn kò tilẹ̀ ta á. Kí ọmọ iṣẹ́ yọ wáyà yẹn bí eré bá ti parí, kó sì fi bátìrì kan sínú àpò gìtá.