Ọ̀pọ̀lọ́ inú Ọ̀gọ̀dọ̀ ní Agbègbè Kàbà: Bí Àkókò àti Àyíká Ṣe Ń Yí Iye Ẹ̀yà Wọn Padà

1. Ìfáàrà

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Kàbà, ariwo ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ a gba gbogbo ọ̀gọ̀dọ̀ àti àbàtà. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ a pa lọ́lọ́. Ẹni tí ó bá lọ ka ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ ní oṣù kìíní lè sọ pé ibẹ̀ ṣófo. Ẹni tí ó bá lọ ní oṣù kẹfà yóò sọ ohun mìíràn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi wà, àti ọ̀nà tí ó tọ́ láti gbà ka ọ̀pọ̀lọ́ ní ilẹ̀ Òkun.

2. Àkókò

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè yìí. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ kì í pẹ́ gbẹ, ẹyin rẹ̀ kò sì ní èèpo líle. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ewu fún un. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń dá sí i kò dọ́gba. Leptopelis viridis a máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Hyperolius nitidulus a máa jókòó sára koríko gbígbẹ, awọ wọn a sì funfun kí oòrùn má baà pa wọ́n. Kọ̀ǹkọ̀ ńlá, Hoplobatrachus occipitalis, a máa wá ibi tí omi kù sí. Ìdákẹ́jẹ́ kò túmọ̀ sí pé wọn kò sí.

Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ń gbẹ lè pa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀. Síbẹ̀, gbígbẹ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹja tí ń jẹ wọ́n gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní Comoé ní Côte d'Ivoire, Spieler àti Linsenmair (1997) ṣàlàyé pé kọ̀ǹkọ̀ a máa yan omi tí yóò yé ẹyin sí, a sì máa yẹra fún èyí tí ọmọ irú rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, nítorí wọn a máa jẹ ara wọn.

3. Àyíká

Ààlà igbó àti ọ̀dàn ni Kàbà wà. Schiøtz (1967), nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ orí igi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pín wọn sí ti ẹgàn, ti ìgbòrò àti ti ọ̀dàn. Bí a bá gé ẹgàn dá oko, àwọn ti ẹgàn a máa lọ, àwọn ti ìgbòrò a sì gba ipò wọn. Nítorí náà, omi méjì tí kò jìnnà síra lè ní ẹ̀yà tí ó yàtọ̀ bí ọ̀kan bá wà nínú igbó etí odò, tí èkejì sì wà ní gbangba ọ̀dàn.

4. Bí a ṣe ń kà wọ́n

Whittaker (1960) kọ́ wa pé iye ẹ̀yà ibì kan, ìyàtọ̀ láàrin ibì kan sí èkejì, àti àpapọ̀ gbogbo agbègbè kì í ṣe ohun kan náà. Bí ọ̀gọ̀dọ̀ méjì bá ní ẹ̀yà 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn lè jẹ́ 8, ó sì lè jẹ́ 16. Bákan náà ni oṣù méjì nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo. Òwe pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán tún ń tọ́ka sí i pé ẹranko òru ni. Etí àti òru ni ó yẹ kí olùwádìí gbẹ́kẹ̀ lé, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kà sí ilẹ̀ lásán, tí wọ́n sì ń dí i láti kọ́lé. Omi tí a sé, bíi ti Omi lórí odò Kampe ní ilẹ̀ Yàgbà, wúlò fún oko, ṣùgbọ́n kò lè dípò rẹ̀, nítorí omi tí kì í gbẹ jẹ́ ibùgbé ẹja. Bí ọ̀gọ̀dọ̀ kéékèèké bá tán, iye ẹ̀yà tí a kà nínú omi ńlá kọ̀ọ̀kan lè má dín kù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ti ilẹ̀ Òkun yóò dín. Ẹni tí ó bá ka ibì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ti sọnù.