Ọ̀rọ̀ Ilé Tí A Ń Lọ Sọ Lẹ́yìn Odi

Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Alárè, ìlú tí àjèjì kì í ṣàdédé wọ̀, ni Òyìnbó fi ogun Ìmàgbọn ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1892. Kò sì ju ọdún 53 lọ lẹ́yìn náà tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, fi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣí i nílé, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1948. Èéṣe tí ó fi jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù? Níbẹ̀ ni àwọn tí ń ṣàkóso wa jókòó sí. Níbẹ̀, ẹ̀wẹ̀, ni Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì, tí wọn a máa fi ìlú bú ara wọn nílé, ti rí i pé ojú kan náà ni onílẹ̀ fi ń wo gbogbo wọn, tí wọ́n sì rántí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Nígbà tí ó di ayé ìjọba ológun Abacha, ẹ̀mí ni a ń sá lọ sẹ́yìn odi fún. Olóyè Abraham Adésànyà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó ń tako ìjọba náà, kò lọ. Wọ́n rọ̀jò ìbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1997, orí ló kó o yọ. Wọlé Ṣóyínká, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ìsarà, ti gba ọ̀nà orílẹ̀-èdè Bìnẹ̀ sá jáde ní 1994, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ti òkè òkun fi ilé iṣẹ́ rédíò tí wọ́n pè ní Rédíò Kudirat bá ilé sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ààlà kì í fi gbogbo ìgbà ṣe ibi ìsádi: ní 2021, ní Kútọnu, ní Bìnẹ̀ kan náà, níbi tí àwọn Yorùbá ń gbé, ni wọ́n ti mú ajìjàgbara Yorùbá, Sunday Ìgbòho, bí ó ti ń wá ọ̀nà lọ sí Jámánì.