Bí Ìborùn Léèsì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Shetland

Léèsì tí a fi ń jáde òde lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ ló ń kọ iṣẹ́ sí i lára, òmíràn nínú rẹ̀ sì ti Austria wá. Ti àwọn ará Shetland, àkójọ erékùṣù tó wà lókè pátápátá Scotland, kò bá a tan. Abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ ni tiwọn.

Ìbọ̀sẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń hun tẹ́lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀rọ gbòde, ọjà wọn kú, ni wọ́n bá yíwọ́ padà sí ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní nǹkan bí 1830 sí 1840. Arthur Anderson, ọmọ Lerwick ní Shetland tó di ìlúmọ̀ọ́ká olókòwò ọkọ̀ ojú omi ní London, fi iṣẹ́ ọwọ́ ilé rẹ̀ ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Nígbà tó fi di ìpàtẹ ńlá 1851 ní London, ìborùn Shetland ti wà níbẹ̀.

Ti Unst, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, ló fakọ yọ jù. Irun ọrùn àgùntàn, níbi tó ti kúnná jù, ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tu ú. Wọ́n á ran án lówùú títí yóò fi tín-ín-rín débi pé odidi ìborùn á gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Ihò ni ẹwà rẹ̀. Ahunṣọ á gbé òwú kọ́ abẹ́rẹ́ lásán, ihò á yọ. Á wá hun ojú méjì pọ̀ kí iye ojú má baà lé. Ibi tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń di ewé, ìgbì òkun tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò. Bó bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́, ó rí rúgúdù. Àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì nà án sórí férémù onígi kó gbẹ, kí ẹwà rẹ̀ tó yọ.

Orí ni bátánì wà, ìyá ló ń kọ́ ọmọ. Lóòótọ́, Jane Gaugain ti tẹ ìwé bátánì jáde ní Edinburgh ní 1840, àmọ́ àwọn obìnrin Unst kò dúró dè é. Bátánì òde òní jẹ́ àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké, tí a ń kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Sharon Miller kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ Shetland sínú ìwé rẹ̀, Heirloom Knitting, ní 2002.

Ibi tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni owó. Láyé ìgbà náà, oníṣòwò á gba ìborùn, á fi tíì àti aṣọ san án. Ẹni tí kò ní oúnjẹ nílé á tún gbé tíì náà lọ fi pààrọ̀ ìyẹ̀fun lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní 1872, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí àwọn obìnrin náà lẹ́nu ara wọn. Iṣẹ́ tí ọba ń bò lọ́rùn, ẹni tó hun ún kì í sábà rí kọ́bọ̀ gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó fọwọ́ hun irú ìborùn yìí tà, ẹ má ná an bí ẹni ń ná ata.