Ọpọlọ Tuntun fún Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́: Kí Ẹ Tó Tọrọ Owó Ẹ̀yá

Àwọn tí ń tẹ̀wé, àwọn tí ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àti àwọn ọlọ́jà tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà ń bi wá ní ọ́fíìsì pé: "Láptọ́ọ̀pù wa ti ń falẹ̀, wọ́n ní a lè pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀. Ṣé ẹgbẹ́ á yá wa lówó?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí ẹ̀rọ tí ń falẹ̀ a máa lé oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, ìdí nìyí tí a fi ní kí a là á yé yín.

Ọpọlọ tí à ń wí yìí ni prọ́sẹ́sọ̀, ègé kékeré tí ń ṣe gbogbo ìṣirò inú ẹ̀rọ. Kì í ṣe inú gbogbo láptọ́ọ̀pù ni ó ti ṣeé yọ o. Òmíràn jókòó sínú ihò tirẹ̀ bíi gílóòbù iná. Òmíràn sì rèé, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi òjé jó o mọ́ pátákó. Láti bí ọdún 2015 wá, èyí tí wọ́n jó mọ́ pátákó yìí ló gbòde nínú láptọ́ọ̀pù Intel.

Ẹ wo ThinkPad T440 àti T440p, tí wọ́n jáde ní ọdún 2013, tí tòkunbọ̀ wọn ṣì wà káàkiri. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọpọlọ T440 kò ṣeé yọ, ti T440p ṣeé yọ. Lẹ́tà "p" kan ṣoṣo yìí ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni! T440p tó ní i5-4300M, tí í ṣe olórí méjì, lè gba i7-4702MQ, tí í ṣe olórí mẹ́rin. Wáàtì 37 ni ìwọ̀n àwọn méjèèjì, nítorí náà fáànù rẹ̀ á lè gbé e. Wáàtì 47 ni ti i7-4700MQ. Ó yá ju èyí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù, ní ọ̀sán gangan, àwa ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ tún BIOS ṣe, kí ó yọ bátìrì, kí ó tó tú u. Ọpọlọ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Kí ó nu ohun bí ìpara tó ti gbẹ lórí rẹ̀ kúrò, kí ó fi tuntun díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ kì í sábà sọ. Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè ọpọlọ Intel ìran kẹjọ sókè. Ìran kẹrin ni T440p, kò sì sí èyí tó ju ìran kẹrin lọ tó lè wọ ihò rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ sanwó ní báńkì, kí ó rò ó dáadáa.

Ní ti àwa, bí ẹ̀rọ yín bá ṣì ń lo háàdì díìsìkì tí ń yí, ẹ kọ́kọ́ fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì sọ RAM 4GB di 8GB. Ibẹ̀ gan-an ni ìfàsẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wà, kì í ṣe ọpọlọ.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ owó ẹ̀yá fún ọpọlọ, kí ó fi CPU-Z wo ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó bá kọ "rPGA" síwájú Package, ó ṣeé yọ. Bí ó bá kọ "BGA", kò ṣeé yọ, kọmití kò sì ní yá a lówó fún un. Kí ó kọ èyí àti orúkọ ẹ̀rọ náà ní kíkún sórí fọ́ọ̀mù, kí onídùúró méjì fọwọ́ sí i, kí ó sì mú un wá sí ọ́fíìsì kí kọmití tó jókòó.