HÁÀ! ÌPÀDÉ FẸ́RẸ̀Ẹ́ JẸ IṢẸ́ ÀWỌN ỌMỌ ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ TÁN!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ o! Àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ní Yábàá l'Ékòó, àwọn tó ń ṣe irú ohun tí ẹ fi ń sanwó lórí fóònù, ojú wọn ń rí màbo. Iṣẹ́ kọ́ ló ń pa wọ́n, ìpàdé ni! Àárọ̀ ìpàdé, ọ̀sán ìpàdé. Bí wọ́n bá délé lálẹ́, wọ́n á tún gbé kọ̀ǹpútà lé itan, torí iṣẹ́ gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá á ní, "Ọmọ yìí kì í sùn." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló jẹ ojúmọmọ ọmọ náà tán.

Bẹ́ẹ̀ wọn ò dá a sílẹ̀ báyìí. Ken Schwaber àti Jeff Sutherland l'Amẹ́ríkà ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Scrum jáde lọ́dún 1995. Ìpàdé ojoojúmọ́ inú ètò yìí ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tilẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣe é lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ ríro má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ gùn. Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n!

Kí ni wọ́n wá sọ ọ́ dà? Ọ̀gá á fàga jókòó. Ìṣẹ́jú 15 á di wákàtí kan. Kálukú á máa ka ohun tó ṣe lánàá bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́, àwọn tó kù á máa tòògbé. Ẹni tí iṣẹ́ dojú rú fún gan-an ò ní lè sọ ọ́, ojú ọ̀gá ń kọ́? Tí wọ́n bá tú ká, wọ́n á tún ti mú àkókò ìpàdé mìíràn!

Ẹ bá mi ṣírò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó kà: èèyàn 10 jókòó fún wákàtí 1, wákàtí 10 ló lọ yẹn o. Iṣẹ́ yìí sì dà bíi ti télọ̀ tó ń gé léèsì olówó ńlá. Ẹ pè é kúrò nídìí àlùmọ́gàjí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó bá ihò ọrùn níbi tí apá yẹ kó wà. Paul Graham, tóun náà ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún rí, kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé ìpàdé kan ṣoṣo lè ba odidi ọ̀sán jẹ́, torí ó máa ń là á sí méjì, kò sì ní sí èyí tó tó iṣẹ́ líle ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá ò lè mọ̀ ọ́n lára, ìpàdé ni iṣẹ́ tiẹ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 2023, Shopify, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, fagi lé gbogbo ìpàdé àtìgbàdégbà tó bá ti ju èèyàn méjì lọ. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má pe ìpàdé lọ́jọ́rú. N ò ní kí wọ́n má forí korí mọ́ o. Ẹni méjì á kàn máa ṣe iṣẹ́ kan náà láìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n sọ, kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ 15.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ bi í léèrè lálẹ́ òní: wákàtí mélòó ló fi ṣiṣẹ́, mélòó ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀? Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.