Ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn radiothérapie: kí ni échographie lè rí níbẹ̀?

Bí wọ́n bá ti dárúkọ échographie lábúlé, aboyún ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀ ẹni tó ti gba radiothérapie, ìyẹn ìtànṣán líle tí wọ́n fi ń pa àrùn jẹjẹrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan ládùúgbò wa ló jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ọmú ọ̀tún ni àrùn ti mú ìyá náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì lọ gba ìtànṣán. Oṣù méjì lẹ́yìn tó parí, ó ṣe échographie ikùn níbòmíì. Wọ́n rí ibì kan tó dúdú lára ẹ̀dọ̀, wọ́n ní ó jọ pé jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀. Ẹkún sọ nínú ilé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ibi tí ìtànṣán gbà kọjá. Òun náà ò sọ, ó rò pé wọ́n ti mọ̀.

Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ìtànṣán tó ń lọ sí ọmú ọ̀tún tàbí sínú ikùn lè kan ẹ̀dọ̀ tí kò ní àrùn kankan. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ inú rẹ̀ á dí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá dáadáa. Kì í hàn lọ́jọ́ náà o. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí oṣù 4 lẹ́yìn ìtọ́jú ló sábà máa ń yọjú. Bó bá le, ẹ̀dọ̀ á tóbi, omi á kún ikùn, àárẹ̀ á mú èèyàn. (Ẹlòmíì á ti máa wá ẹni tó fún un ní májèlé jẹ!) Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ìtànṣán ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún ẹni tó ti ní hépatite B tẹ́lẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rọ náà ṣe ń rí i? "Écho" ni gbohùngbohùn. Ẹni tó bá pariwo níwájú òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ á padà wá bá a. Ẹ̀rọ náà ń rán ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ wọ inú ara, ó ń fi èyí tó padà ya àwòrán. Kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀ rárá, wọ́n lè tún un ṣe léraléra. Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ló rí i ní 1880 pé àwọn òkúta kan ń mú iná mànàmáná jáde tí a bá tẹ̀ wọ́n. Orí ìmọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ yìí dúró lé. Ní 1898, Pierre yìí kan náà àti Marie ìyàwó rẹ̀ rí radium, tí wọ́n wá fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ìdílé kan ṣoṣo!

Ibi tí ìtànṣán kàn sábà máa ń dúdú ju ìyókù lọ. Etí rẹ̀ lè gún gbọọrọ bí ìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi règle fà, torí ìtànṣán kì í wọ́. Kókó ni jẹjẹrẹ sábà máa ń ṣe ní tirẹ̀. Doppler tó wà lára ẹ̀rọ náà ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ. Irú míì wà bíi FibroScan, tó ń mi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ láti mọ bó ṣe le tó. Échographie nìkan ò tó ṣá o: wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nígbà míì wọ́n á fi scanner tàbí IRM kún un.

Nígbà tí dókítà míì fi ìwé radiothérapie ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, etí ibi dúdú yẹn bá ọ̀nà ìtànṣán mu gẹ́lẹ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ti kéré.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú yín: ibi tí ìtànṣán gbà, iye Gray, ọjọ́ tó parí. Ẹ fi han ẹni tó fẹ́ ṣe échographie kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì mu àgbo kankan fún ẹ̀dọ̀ láìsọ fún dókítà. Inú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú carte d'identité rẹ̀ ni ìyá náà ń kó ìwé tirẹ̀ sí báyìí.