Ṣé o mọ̀? Láti Agbowó dé Àbújá

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá fa ìlà tààrà lórí àwòrán ilẹ̀, nǹkan bí 400 kìlómítà péré ló wà láàárín pápákọ̀ òfúrufú Alákíà n'Íbàdàn àti ti Àbújá? Bàálù ńlá tó ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan ì bá débẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí. Àmọ́ bíi wákàtí kan ló ń gbà. Bàálù máa ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì ti dẹwọ́ eré tipẹ́ kó tó balẹ̀.

Ọ̀nà mọ́tò ní tirẹ̀ ju 500 kìlómítà lọ. Odò Ọya ló fà á: dandan ni kí mọ́tò wá afárá lọ, yálà ní Jẹ́bà tàbí nítòsí Lọ́kọ́ja.

Ọ̀rọ̀ Èkó yàtọ̀. Láti Ìbàdàn débẹ̀ kò ju nǹkan bí 113 kìlómítà lọ lójú òfúrufú. Kí ará Agbowó n'Íbàdàn tó já gba Bódìjà dé Ìwó Róòdù, kó dé Alákíà, kó tò fún àyẹ̀wò ẹrù, ẹni tó wọ mọ́tò ti lè máa wo Ìbàfò lójú ọ̀nà Èkó. Àfi ẹni tí owó ń dà láàmú ló máa wọ bàálù lọ Èkó! Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 náà wà: Móníyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn wà, ẹ̀yìn Òjóò ni ibẹ̀ wà, ojú irin náà sì gùn tó 157 kìlómítà.